Ta ni ẹlẹ́rìí bàálù? Ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń kọ ìrìn òfurufú sílẹ̀

Bí ènìyàn bá lọ ra ẹ̀rọ ní ọjà Alábà níbí ní Ọ̀jọ́, ìbéèrè méjì ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Èkíní ni pé, ṣé ẹ̀rọ yìí yóò pẹ́? Èkejì ni pé, ṣé ohun tí wọ́n pè é náà ló jẹ́? Olùtajà lè búra títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìbúra rẹ̀ kò lè di ẹ̀rí, nítorí òun ni yóò jẹ èrè ọjà náà. Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá àjọ SON sílẹ̀ láti máa yẹ ọjà wò, tí àjọ NCC náà sì fi ní ìlànà tí irú fóònù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ là kọjá kí wọ́n tó gbà kí a máa tà á ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò ní ìpín nínú èrè ló yẹ kó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ìbéèrè méjèèjì yìí kàn ju ti fóònù lọ. Òun ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sínú bàálù kó lè máa kọ gbogbo ìrìn bàálù náà sílẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo bí a ṣe ń fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú eré ìdíje bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, a ó fi wé èyí tó wà nínú bàálù akérò, a ó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa níbí nígbà tí ẹlẹ́rìí kò sí tàbí tí iná jó o. Lẹ́yìn náà ni a ó béèrè ohun tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ fara balẹ̀, a ó débẹ̀.

1. Orúkọ tí a ó máa pè é

Àwọn oníròyìn máa ń pe ti bàálù akérò ní "àpótí dúdú". Àpótí náà kò dúdú rárá. Àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò ni wọ́n ń kùn ún, kí ojú lè tètè rí i láàárín àwókù. Ọ̀rọ̀ náà kò sì bá ti eré ìdíje mu, nítorí ìyẹn kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí fóònù. Nítorí náà, n ó máa pè é ní akọ̀rìnsílẹ̀.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. A ti ní agbohùnsílẹ̀, tó wá láti inú a + gbà + ohùn + sílẹ̀. Bákan náà ni a + kọ + ìrìn + sílẹ̀ ṣe di akọ̀rìnsílẹ̀. Ẹ kíyè sí ohùn: nígbà tí fáwẹ̀lì ì inú ìrìn pa jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ, orí kọ ló bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bó ti rí nínú akọ̀wé. Bí a bá gbàgbé àmì náà, a ó ka akọ̀rìn bí akọrin, bàálù yóò sì di ẹgbẹ́ akọrin ìjọ.

2. Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì

Gbogbo wa la ti rí àwòdì tó ń rá bàbà lójú ọ̀run lọ́sàn-án, tí kò ju apá, síbẹ̀ tó ń gòkè sí i. Atẹ́gùn gbígbóná ló ń gbé e. Oòrùn pa ilẹ̀, ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn tó wà lórí ilẹ̀ náà fúyẹ́, ó sì ń ròkè. Ẹyẹ náà wọ inú rẹ̀, ó ń yí po, ó ń bá a gòkè. Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàálù mìíràn ni yóò fi okùn fà á gòkè, tàbí kí ẹ̀rọ ilẹ̀ fi wáyà fà á, wọn yóò wá tú u sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọgbọ́n awakọ̀ àti atẹ́gùn ló kù.

Èyí kì í ṣe eré kékeré. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, Klaus Ohlmann, ọmọ Jámánì, fi irú bàálù yìí rin ìrìn tó lé ní kìlómítà 3,000 ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní Ajẹntínà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, bàálù kan tó ń jẹ́ Perlan 2 gòkè ju mítà 22,000 lọ ní orílẹ̀-èdè yìí kan náà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìdíje àgbáyé wáyé ní Mafikeng ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2001, àwọn awakọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù sì máa ń wá sí Bitterwasser ní Nàmíbíà nítorí atẹ́gùn aṣálẹ̀ ibẹ̀.

Àjọ tó ń bójú tó eré òfurufú lágbàáyé ni FAI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1905. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó wà fún bàálù aláìlẹ́ńjìnnì ni IGC. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń fún awakọ̀ ní báàjì. Ẹni tó bá fẹ́ báàjì Sílífà gbọ́dọ̀ rin kìlómítà 50, kó gòkè ní mítà 1,000 sí i láti ibi tó ti wà, kó sì wà lókè fún wákàtí 5. Ti Góòlù jẹ́ kìlómítà 300 àti mítà 3,000. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dáyámọ́ńdì, tí ìrìn kìlómítà 500 àti ìgòkè mítà 5,000 wà lára rẹ̀.

Ìṣòro wá dé. Awakọ̀ nìkan ló wà lókè. Ta ni yóò jẹ́rìí pé ó dé ibi tó ní òun dé?

Látijọ́, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jẹ́rìí. Wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà dání, awakọ̀ yóò ya àwòrán ibi tó yẹ kó ti yí padà. Wọ́n sì máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìtẹ̀ atẹ́gùn dání. Wọ́n á fi èéfín pa ìwé inú rẹ̀ dúdú, abẹ́rẹ́ á wá máa ha ìlà sára èéfín náà bí bàálù ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Òṣìṣẹ́ ẹlẹ́rìí tí àjọ náà yàn ló máa fi èdìdì dì í kí bàálù tó gbéra, òun náà ló máa tú u nígbà tó bá balẹ̀. Nígbà tí GPS dé, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè kọ ibi, àkókò àti gíga pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn láti kọ nínú kọ̀ǹpútà rọrùn láti yí padà nínú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí IGC fi gbé ìgbìmọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ GFAC kalẹ̀ ní ọdún 1995, kí wọ́n máa yẹ àwọn akọ̀rìnsílẹ̀ wò, kí wọ́n sì máa fọwọ́ sí èyí tó bá tọ́.

3. Ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i

Irú ẹ̀rọ ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é yóò fi í ránṣẹ́, ìgbìmọ̀ yóò dán an wò, bó bá sì yege, wọn yóò kọ ìwé tó sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ lò ó, ẹnikẹ́ni sì lè ka ìwé náà. Kókó márùn-ún ló ṣe pàtàkì jù.

Èkíní, ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí lásán. Bọ́tìnì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí yóò mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tú àpótí náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú rẹ̀ yóò parẹ́. Ẹ̀rọ náà ṣì lè máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò ní yege àyẹ̀wò mọ́ títí yóò fi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é.

Èkejì, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù. Ẹ̀rọ náà á fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí yẹn ṣe ìṣirò lórí ohun tó kọ, á sì kọ èsì rẹ̀ sí ìparí fáìlì. Bí ènìyàn bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà, ìbuwọ́lù kò ní bá fáìlì náà mu mọ́. Ẹ rántí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: a kò fọwọ́ kan kọ́ńsónáńtì tàbí fáwẹ̀lì kankan, ohùn nìkan la yí, ìtumọ̀ sì ti lọ. Bí ìbuwọ́lù náà ṣe ń mọ àyípadà tó kéré jù lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹlẹ́rìí gíga gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. GPS yóò sọ gíga tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ìtẹ̀ atẹ́gùn náà yóò sì sọ tirẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì kì í sábà bára mu pátápátá, nítorí ìtẹ̀ atẹ́gùn ń yí padà pẹ̀lú ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa gòkè, kí wọ́n sì jọ máa sọ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ gbọ́dọ̀ mú kí irọ́ rẹ̀ bá ẹlẹ́rìí méjì mu ní gbogbo ìṣẹ́jú, ìyẹn sì le.

Ẹ̀kẹrin, ó gbọ́dọ̀ ní etí fún ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan lára àwọn bàálù yìí ní ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n lè nà jáde bí atẹ́gùn bá já wọn kulẹ̀. Bí awakọ̀ bá tan án nígbà ìdíje, ìrìn rẹ̀ látìgbà náà kò kà mọ́. Nítorí náà, makirofóònù wà nínú akọ̀rìnsílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n ariwo nìkan ló ń kọ, láti 000 títí dé 999. Bí ẹ́ńjìnnì bá dún, nọ́ńbà á fò sókè.

Ẹ̀karùn-ún, ìpele ìfọwọ́sí kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí ààbò rẹ̀ pé pérépéré ni wọ́n ń gbà fún àkọsílẹ̀ àgbáyé. Èyí tí ààbò rẹ̀ dín kù lè jẹ́rìí fún báàjì, kò lè jẹ́rìí fún àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ìpele náà sì lè yí padà: ẹ̀rọ tí wọ́n gbà fún ohun gbogbo lánàá lè bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀ bí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà bá ti ju ààbò rẹ̀ lọ. Òǹtẹ̀ kì í ṣe ti ayérayé.

4. Ẹ jẹ́ ká tú ìlà kan

Fáìlì tí àwọn ẹ̀rọ yìí ń kọ kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀ tí ojú kò lè kà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ irú ìlà tó jẹ́. A ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, H ń sọ ọjọ́, orúkọ awakọ̀ àti irú bàálù, B ń sọ ibi tí bàálù wà ní àkókò kan, G sì ni ìbuwọ́lù. Mo ṣe àpẹẹrẹ ìlà B kan fún ẹ̀kọ́ yìí, bí ẹni pé bàálù ń kọjá lórí Ọ̀jọ́:

B1015300628012N00312005EA0051200548024

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ sí mọ́fíìmù ní kíláàsì ni kí a ṣe tú u:

B – irú ìlà: ibi tí bàálù wà
101530 – àkókò: agogo 10 kọjá ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 30, ní àkókò àgbáyé, ní Èkó, agogo 11 ti kọjá
0628012N – dígírì 6, ìṣẹ́jú 28.012, ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé
00312005E – dígírì 3, ìṣẹ́jú 12.005, ní ìlà-oòrùn
A – GPS rí ibi àti gíga dáadáa. Bí kò bá rí gíga, V ni yóò kọ
00512 – gíga gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀ atẹ́gùn, ní mítà
00548 – gíga gẹ́gẹ́ bí GPS, ní mítà
024 – ìwọ̀n ariwo. Ó kéré, ẹ́ńjìnnì kò dún

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí àlàfo láàárín wọn, kò sí kọ́mà. Ipò nìkan ló ń sọ ìtumọ̀. Nọ́ńbà 00512 jẹ́ gíga nítorí pé ibi tí gíga ń gbé ló wà. Bí nọ́ńbà kan bá jábọ́ ní iwájú, gbogbo èyí tó kù yóò sún, ìlà náà yóò sì di ìsọkúsọ. Gírámà ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Ká wá ní ẹnìkan ń wá báàjì Sílífà, mítà 1,000 ló sì kù ú kù. Ó ṣí fáìlì, ó yí 00512 sí 01512. Kí ni yóò tú u fó? Àkọ́kọ́, GPS ṣì ń sọ 548, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí méjì ti ya. Bó bá tún yí ìyẹn náà, ìlà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e yóò fi hàn pé bàálù fò ní mítà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bó bá jókòó tún gbogbo ìlà kọ, ìbuwọ́lù G ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ṣe òmíràn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Níbí, kò tilẹ̀ tó ọjọ́ kan.

5. Ti bàálù akérò yàtọ̀

Ẹ̀rọ tó wà nínú bàálù akérò máa ń jẹ́ méjì. Ọ̀kan ń kọ ìṣesí bàálù sílẹ̀: ìyára, gíga, agbára ẹ́ńjìnnì, bí awakọ̀ ṣe ń darí rẹ̀. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní CVR, ń gba ohùn inú yàrá awakọ̀ sílẹ̀. David Warren, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà, ló ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ń gba ohùn pọ̀ mọ́ ìṣesí bàálù, ní àwọn ọdún 1950.

Níbí, kì í ṣe ìbéèrè pé ṣé yóò parọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà. Ṣé yóò yè ni. Ìlànà òde òní ní kí àpótí tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ náà fara da iná tó gbóná tó dígírì 1,100 fún wákàtí kan, kó fara da ìjáàbà tó tó ìlọ́po 3,400 agbára òòfà ilẹ̀, kó sì lè wà lábẹ́ òkun tó jìn tó mítà 6,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Kí ló dé tí ìlànà méjèèjì fi yàtọ̀ báyìí? Nítorí ọ̀tá ẹ̀rí yàtọ̀. Nínú ìdíje, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ní èrè nínú irọ́, nítorí náà èdìdì àti ìbuwọ́lù ló ṣe kókó. Nínú jàǹbá bàálù akérò, iná, ìjáàbà àti omi ni ọ̀tá, nítorí náà irin ló ṣe kókó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìlànà tó dára fún ohunkóhun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló lè ba ẹ̀rí yìí jẹ́?

6. Lísà àti Ìjù-Ìṣàgá

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Bellview gbéra ní Ìkẹjà, ó ń lọ sí Àbújá. Kò pẹ́ tó fi já lulẹ̀ ní abúlé Lísà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Wọ́n wá àwọn akọ̀rìnsílẹ̀ méjèèjì, wọn kò rí wọn. Nígbà tí àbájáde ìwádìí jáde, kò lè fi ìdánilójú sọ ohun tó mú bàálù náà já. Ìdílé 117 gbọ́ pé èèyàn wọn kú. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí fún wọn.

Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bàálù Dana tó ń bọ̀ láti Àbújá já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgá. Gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn tó wà nílé tiwọn náà kú. Wọ́n rí ẹ̀rọ méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n èyí tó ń kọ ìṣesí bàálù jẹ́ irú èyí tó ń lo téèpù. Iná náà jó téèpù inú rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. CVR nìkan ló yè, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30 tó gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, ohùn ènìyàn di olórí ẹlẹ́rìí. Láti inú ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀ ń bá ara wọn sọ ni àwọn olùwádìí ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kan ti kọ́kọ́ kọ̀ láti dáhùn nígbà tí wọ́n pè é, àti pé èkejì náà kò dáhùn mọ́ kí wọ́n tó dé pápá. Nọ́ńbà tó yẹ kó sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú ti jóná. Gbólóhùn ló kù.

Àjọ àgbáyé ICAO ti pàṣẹ pé kí lílo téèpù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016, kí ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ kan náà fi ìṣẹ́jú 30 ti CVR sílẹ̀, ó sọ ọ́ di wákàtí méjì. Fún àwọn bàálù ńlá tuntun, ó ti di wákàtí 25. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń ṣe ìwádìí jàǹbá bàálù, AIB nígbà náà, kọ́ yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀ sí Àbújá. Nígbà tí bàálù Associated já ní Ìkẹjà ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, nígbà tó ń gbé òkú gómìnà àná Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Olúṣẹ́gun Agagu, lọ sí Àkúrẹ́, níbẹ̀ ni wọ́n ti ka àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n gbọ́ ni ohùn ẹ̀rọ bàálù fúnra rẹ̀, tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ léraléra kí wọ́n tó gbéra. Òfin ọdún 2022 ti sọ AIB di NSIB, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti kọjá bàálù nìkan báyìí.

7. Kí ló kàn wá?

Ẹ jẹ́ ká padà sílé ẹ̀kọ́ wa. Ní èdè Túrkì, ẹni tó bá ń sọ ohun tó kọjá gbọ́dọ̀ yan láàárín àfòmọ́ méjì: ọ̀kan fún ohun tí ó dá a lójú, ọ̀kan fún ohun tí ó gbọ́ tàbí tí ó fi òye gbé. Ní èdè Tariana ní Bùràsílì, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ fi hàn bóyá o fojú rí i, o fetí gbọ́ ọ, o fi àmì mọ̀ ọ́n, tàbí wọ́n sọ fún ọ ni. Yorùbá kò fi àfòmọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n a ní "wọ́n ní", a ní "ó jọ pé", a ní "ojú mi báyìí ló ṣe". Ìbéèrè kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀: báwo lo ṣe mọ̀? Akọ̀rìnsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ ẹ̀rọ tí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn wà lára gbogbo ìlà tó bá kọ.

Àwa náà ń kó ẹ̀rí jọ. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀ka-èdè Àwórì ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, tàbí lórí èdè Ègùn lọ́nà Badagry, ń lọ bá àwọn àgbà, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Lára àwọn àgbà wọ̀nyí ni àwọn tí ọmọ wọn kò sọ̀rọ̀ bíi tiwọn mọ́, nítorí Yorùbá Èkó ti gba ẹnu gbogbo wa. Bí àgbà bẹ́ẹ̀ bá lọ, ohun tó wà nínú fáìlì wa ló kù. Bí téèpù Ìjù-Ìṣàgá ni, bí kò bá sí èkejì, kò sí ohun tí a ó kà.

Ẹ jẹ́ ká bi àkọsílẹ̀ tiwa ní ìbéèrè méjèèjì.

Ṣé yóò yè? Fóònù ń sọnù lọ́nà Ìyànà-Ìbà, láptọ́ọ̀pù ń kú. Ohùn tó wà ní ibì kan ṣoṣo kò tíì sí níbì kankan. Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ, kí ọ̀kan wà níbi tó jìnnà sí yàrá rẹ.

Ṣé a lè gbà á gbọ́? Kí o tó bi àgbà ní ìbéèrè àkọ́kọ́, fi ẹnu ara rẹ sọ ọjọ́, ibi, orúkọ iṣẹ́ àti àṣẹ tí ó fún ọ, kó wà lórí àkọsílẹ̀ náà. Gba ohùn ní WAV, má ṣe gbà á ní MP3 tí ń gé lára ohùn, pàápàá bó bá jẹ́ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ lo fẹ́ wọ̀n nínú Praat. Má ṣe fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kó o máa gé. Kọ àkọsílẹ̀ ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí lè jẹ́ méjì. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá dá ọ lójú nígbà tí o ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kọ ọ́ pé kò dá ọ lójú. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí.

Ohun kan ṣì kù. Ìlànà ICAO kò jẹ́ kí wọ́n kàn máa fọ́n ohùn inú CVR káàkiri. Ìwádìí ni wọ́n ń lò ó fún, nítorí ohùn àwọn tó kú ni, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún etí gbogbo ayé. Àgbà tó gbà wá láàyè láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kò gbà pé kí a gbé e sórí Wasáàpù kí àwọn èèyàn máa fi ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀rín. Ẹni tó gbé ẹ̀rí lé wa lọ́wọ́ fọkàn tán wa, kì í ṣe ẹ̀rọ wa.

Kò sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tiwa wò kí ó tó lu òǹtẹ̀. Olùkọ́ tó ń ka iṣẹ́ wa kò sí níbẹ̀ nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ wa ni èdìdì náà wà.

Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò

1. Ṣàlàyé ìdí tí ìlànà ìfọwọ́sí fún bàálù ìdíje fi yàtọ̀ sí ti bàálù akérò. Lo ọ̀rọ̀ "ọ̀tá ẹ̀rí" nínú ìdáhùn rẹ.
2. Tú ìlà yìí gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe lókè: B1240050627500N00311250EA0080300840310. Kí ni nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lè máa sọ fún òṣìṣẹ́ ẹlẹ́rìí?
3. Fi àpẹẹrẹ méjì mìíràn ṣe àlàyé bí ohùn fáwẹ̀lì tó pa jẹ ṣe ń dúró sórí ọ̀rọ̀-ìṣe, gẹ́gẹ́ bíi nínú akọ̀rìnsílẹ̀.
4. Kọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́rin tó ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi hàn pé ọ̀nà tí olùsọ̀rọ̀ gbà mọ̀ ọ́n yàtọ̀.
5. Ká ní ìwọ ni wọ́n ní kó kọ ìlànà ìfọwọ́sí fún àkọsílẹ̀ ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa bá gbà ní pápá, kókó márùn-ún wo ni wàá fi sí i? Ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáàbò bo ẹ̀rí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.